Ọjọ́ Tí Mo Kọ Ẹ̀yìn sí Pápá Tẹ́níìsì

Ojú ọjọ́ ṣú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. Ìkùukùu jókòó sórí Òkè Pátì bí ẹni pé ibẹ̀ ló fẹ́ sùn, afẹ́fẹ́ kankan kò sì ti ọ̀dọ̀ odò wá. Aṣọ tí mo sá sórí okùn láti àná kò mì rárá. Ẹ̀yin náà mọ ooru Lọ́kọ́jà, ṣùgbọ́n irú ooru tí òjò fi ń halẹ̀ mọ́ni yẹn yàtọ̀, ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tí kò gbẹ. Mo mú agbòjò, mo mú omi, mo di ẹ̀pà díẹ̀ sínú ọ̀rá. Mo tún gbé ìrọ̀rí kékeré mi, nítorí wọ́n ti sọ fún mi pé símẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe ìjókòó ibẹ̀, ìbàdí mi kò sì gba ìyẹn mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń gbá tẹ́níìsì ni mo ń lọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ mi kọ, tí mo fi gbogbo ayé mi bẹ ẹ̀gẹ́ tí mo sì ń yan gàrí, kí ni mo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù tó ń fò lórí àwọ̀n? Ṣùgbọ́n ìdíje ńlá ló wá sí Lọ́kọ́jà lésìí. Àwọn ọ̀dọ́ wá láti Èkó, láti Kàdúná, láti Jọ́ọ̀sì, Jọkẹ́ ẹ̀gbọ́n yín sì wà lára àwọn díẹ̀ tí wọn kò tíì lé kúrò.

Ẹ ò sí nílé wa ní Otokiti láàárọ̀ yẹn, ẹ ò gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ. Káyọ̀dé ọmọ mi ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ti fi káàdì ọ́fíìsì kọ́ ọrùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí," ó ní. "Bí ó bá borí lónìí, wọ́n á mú un mọ́ àwọn tó ń lọ sí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ l'Ábújá. Ó dáa, n kò ní bá a jà mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nà án, ó parí nìyẹn. Kó gbé ràkẹ́ẹ̀tì sórí àjà, kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Ìwọ ò lẹ́nu láti sọ fún un ni?"

"Mo ti sọ. Ó kàn ń wò mí ni."

Jọkẹ́ wà nílẹ̀ níbi tó ti ń so okùn bàtà rẹ̀. "Mo gbọ́, Dádì," ó ní, kò gbójú sókè. Nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde tán, ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ti Dádì lẹ̀ ń ṣe?"

Ẹ mọ̀ mí, n kì í ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀ kíákíá. Mo ní, "Lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ."

"Ṣé ẹ máa wá ṣá? Ẹ jókòó síbi tí mo ti lè rí yín o."

Mo ní mo máa wá. Ó lọ. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì wo ẹ̀jẹ̀ ara mi lójú ìjà rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí fún yín, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà.

Ní abúlé wa ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìjàkadì ni ọkàn ọdún iṣu. Wọ́n á ti bu iyanrìn odò wá da sí ojú agbo láti ọjọ́ bíi mélòó kan. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á fi àdín para títí ara wọn á fi máa dán. Àwọn àgbà tó ń ṣe ìdájọ́ á jókòó sórí ìtí igi, ariwo á sì ta. Ẹ ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹnu lásán ni, síbẹ̀ àwọn tó wà lóko tí wọn kò lè wá á gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi Àjàyí, ọmọ ìyá mi, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta léraléra ni kò sí ẹni tó gbé e lulẹ̀.

Èmi kò rí i rí o. Ní àdúgbò wa, ìyá tó bí oníjàkadì àti àwọn ọmọbìnrin tó bá a mu ọmú kan náà kì í dé ojú agbo. Wọ́n ní bí a bá ń wò ó, àánú tó wà lójú wa á wọ̀ ọ́ lórúnkún, orúnkún á sì yẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa ń kó wa sí. A ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà agbo, ìyá mi á gbé ọlọ síwájú, á ní òun ń lọ ata. Ata wo? Ata tó ti kúnná láti àárọ̀ ni yóò máa lọ̀. Bí ariwo bá sọ, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ọlọ, á dẹtí. Mo fọ́ ìkòkò omi lọ́jọ́ kan torí ariwo náà, kò tilẹ̀ bú mi, ó ní, "Ṣe jẹ́ẹ́, mò ń gbọ́ nǹkan."

A wá mọ ariwo náà bí ẹ ṣe mọ orin orí fóònù yín. Bí ó bá kúrú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìmú ni. Bí ó bá lọ sókè tó sì já lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan ti wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa ń burú jù, torí a ò tíì mọ ẹni tó wà nílẹ̀. A ó wá dúró. Bí ẹsẹ̀ bá ń bọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú orin, tiwa ló borí, wọ́n ń gbé e bọ̀ wá sílé. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo, ìyá mi á ti dìde lọ gbé omi kaná tí yóò fi jó o lára.

Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Otokiti lọ́jọ́ náà, mo ti pinnu ohun tí mo máa ṣe. Jọkẹ́ ní kí n wá. Kò ní kí n wò.

Nígbà tí mo dé, mo kí àwọn tó wà lẹ́nu géètì, "Okun o!" Ọmọkùnrin kan fi ìka lé ẹnu, ó ní kí n rọra, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo wò ó. Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá dé ibi iṣẹ́ tí kò kí èèyàn, olè ni wọ́n máa pè é. Níbí, ẹni tó kí èèyàn ni wọ́n ń bá wí. Mo wọlé. Àwọn èèyàn kún ibẹ̀ bámúbámú, síbẹ̀ ó dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún òkú. Obìnrin kan jókòó sórí àga gíga bí àkàbà, òun ni adájọ́. Ilẹ̀ pápá náà aláwọ̀ ewé ni, wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí i. Mo rí Jọkẹ́ ní ìhà kan, mo rí ọmọbìnrin Kàdúná kan tó ga jù ú lọ ní ìhà kejì. Mo wá àyè sí ìlà kejì níbi tí yóò ti rí mi, mo tẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sì jókòó. Mo kọ ojú sí ògiri tó wà lẹ́yìn ìjókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí pápá.

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí títí. Ẹ̀bìrà ni, Hájíà Ràmátù ni orúkọ rẹ̀, Gadumo ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń tọ́jú pápá náà nígbà ayé rẹ̀, torí náà obìnrin yìí mọ eré náà ju àwọn tó ń gbá a lọ.

"Màmá," ó rọra sọ ọ́ sí mi létí, "ṣé ògiri yìí lẹ wá wò?"

"Ọmọ mi ló ń gbá a."

"Ẹ̀hẹn. Kí ló wá dé tí ojú yín wà lọ́hùn-ún?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

"Kai!" Ó mi orí. "Ẹ jẹ́ kí n máa sọ fún yín nígbà náà. Nígbà tí ojú ọkọ mi ti di bàìbàì, èmi náà ni mo máa ń sọ ọ́ fún un."

Mo dẹtí. Mo rò pé mo máa gbọ́ ọ bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé ìyá mi. Pọ́. Pọ́. Pọ́. Bọ́ọ̀lù ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́. Ta ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún? N kò mọ̀. Bákan náà ni wọ́n ń pa á fún àwọn méjèèjì. Adájọ́ á pe nǹkan, Hájíà á túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ọmọ Kàdúná ní ẹ̀ẹ́dógún.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ́dógún báwo? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ tí bọ́ọ̀lù náà balẹ̀. Ta ló fún un ní mẹ́rìnlá yòókù?"

Hájíà fi ìborùn bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. "Màmá, bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Ẹ má bá wọn ṣe ìṣirò, orí á fọ́ yín."

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi kúrò ní ẹnu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. "Jọkẹ́ gbá a sínú àwọ̀n." "Jọkẹ́ tún gbá a jáde." "Màmá, kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Àná ó ń gbá a bí iná. Lónìí, ó máa ń gbójú wo ibí yìí kó tó gbá a." Èmi náà ń gbọ́ ọ nínú ìró bọ́ọ̀lù rẹ̀, kò le mọ́, ó ti rọ̀. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Mo di ìrọ̀rí mi mú lábẹ́ ara mi bí ìyá mi ṣe máa ń di ọmọ ọlọ mú. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, ó dára tí n kò wò ó, bí mo bá wò ó ni, ìbá ti burú jù báyìí lọ.

Abala mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbá, ẹni tó bá jẹ méjì ló borí. Ọmọ Kàdúná jẹ ìkínní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ó tún ń ṣíwájú. Mo rí àjà ilé wa lójú ọkàn mi, ibi tí àwọn àpótí àtijọ́ wà, mo sì rí ràkẹ́ẹ̀tì náà láàárín wọn.

Ìgbà yẹn ni òjò tó ti ń halẹ̀ láti àárọ̀ já. Ẹ mọ òjò wa. Kò sí kíkán, ó kàn dà ni. Gbogbo ènìyàn sá sábẹ́ òrùlé, àwọn tó ń tọ́jú pápá sì dúró ti ìgbálẹ̀ onírọ́bà wọn, wọ́n ń dúró kó dá. Mo wà lẹ́bàá òpó kan nígbà tí Jọkẹ́ wá bá mi, ó fi aṣọ ìnura kọ́ ọrùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. N kò mọ̀ bóyá òjò ni tàbí ẹkún.

"Màmá."

"Nu orí rẹ kí òtútù má mú ọ."

"Kí ni mo ṣe yín?"

"Kí lo ṣe mí kẹ̀?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá gbójú sókè, ẹ̀yìn yín ni mò ń rí. Bó bá jẹ́ pé ti Dádì lẹ̀ ń ṣe, ẹ ò bá ti jókòó sílé. Ṣé ó yẹ kí ẹ wá kọ ẹ̀yìn sí mi níwájú gbogbo ayé?"

Mo fà á mọ́ra, mo sọ fún un. Mo sọ ti agbo ìjàkadì, mo sọ ti ìyá mi pẹ̀lú ọlọ, mo sọ ti àánú tó ń wọ ọmọ lórúnkún. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi rò pé mò ń dáàbò bò ọ́ ni." Hájíà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ṣa èèpo ẹ̀pà tí mo fún un kúrò ní aṣọ rẹ̀.

Jọkẹ́ fi aṣọ ìnura nu orí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé bàbá àgbà Àjàyí máa ń rí ẹ̀yìn yín?"

"Báwo ni yóò ṣe rí i? Ẹ̀yìn ilé la wà. Ògiri wà láàárín wa."

"Ẹ ò rí nǹkan! Kò rí yín, ó lè máa rò pé ẹ̀ ń gbàdúrà fún òun. Èmi ń rí i, Màmá. Kò sí ògiri láàárín wa níbí." Ó nu ojú. "Orúnkún mi sì ti ń gbọ̀n láti àárọ̀. Ẹ kúkú máa wò mí."

Wọ́n pè é. Òjò ti dá, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbá omi kúrò. Mo padà sídìí ìrọ̀rí mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lè rò pé nǹkan kékeré ni kí èèyàn yí padà lórí ìjókòó. Mo dàgbà ju kí n máa purọ́ fún yín. Ọrùn mi wúwo bí ẹni tó ru igi. Ó dà bíi pé ìyá mi wà lẹ́yìn mi, tó ń sọ pé, "Ṣe jẹ́ẹ́." Mo yí padà. Mo wò.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Jọkẹ́ gbá, inú àwọ̀n ló lọ.

Mo ti fẹ́ yí padà sí ògiri. Hájíà fi ọwọ́ di mí lápá, ọwọ́ rẹ̀ le. "Ẹ jókòó," ó ní. "Bọ́ọ̀lù kan nìyẹn. Kì í ṣe ojú yín." Jọkẹ́ gbójú sókè. Ó rí mi. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn mi orí bí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, ó sì padà síbi ìlà.

Ó jẹ abala kejì. N kò mọ bí ó ṣe jẹ ẹ́, ìṣirò wọn ti kọjá agbára mi, ṣùgbọ́n mo rí i. Mo rí bí ó ṣe máa ń fi bàtà họ ilẹ̀ kó tó gbá a, bí adìyẹ tó ń wá oúnjẹ. Mo rí i pé ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ tí mo pọ̀n, n kò mọ̀ pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí abala kẹta ń lọ sópin, mo rí ọkùnrin kan lẹ́bàá wáyà tó yí pápá ká, káàdì ọ́fíìsì ń mì lọ́rùn rẹ̀. Káyọ̀dé ni. Ó ti sá kúrò níbi iṣẹ́. Kò wọlé, ó dúró níbẹ̀, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ́ wáyà náà.

Hájíà ní bí Jọkẹ́ bá jẹ ọ̀kan sí i, ó parí. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mo ń gbọ́ omi òjò tó ń kán láti orí páànù. Jọkẹ́ ju bọ́ọ̀lù sókè, ó gbá a, ọmọ Kàdúná dá a padà. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Ọmọ yẹn gbá ọ̀kan sí igun tó jìnnà, Jọkẹ́ sáré tọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ níbi tí omi kò tíì gbẹ, orúnkún rẹ̀ sì kan ilẹ̀.

Lójú agbo wa, bí orúnkún bá ti kan ilẹ̀, ó tán. Kò sí àtúnṣe, ìyá mi ti lọ gbé omi kaná nìyẹn. Mo ti ń dìde. Mo fẹ́ bo ojú, ọwọ́ mi sì ti gòkè.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pariwo. Kò sí ẹni tó ní ó tán. Jọkẹ́ wà lórí orúnkún kan, ó na ọwọ́, ó gbá bọ́ọ̀lù náà padà, ó sì dìde bí ẹni pé ilẹ̀ ló tì í sókè. Ọmọ Kàdúná kò retí rẹ̀. Ó gbá a sínú àwọ̀n.

Ariwo wá ta wàyí. Ó lọ sókè, ó já, ó tún lọ sókè. Hájíà ń fò bí ọmọdé, ó ń pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Èmi kò lè pariwo. Mo ṣáà ń sọ pé, "Ó kúnlẹ̀, ó sì dìde. Ó kúnlẹ̀, ó sì dìde."

Káyọ̀dé wọlé. Ó gba àpò ràkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó ní, "Orúnkún rẹ ti bó. Jẹ́ ká lọ sílé." Òun ló gbé àpò náà dé Otokiti.

Ní ọjọ́ kejì, mo jí, mo fún Jọkẹ́ ní omi gbígbóná láti fi wẹ orúnkún rẹ̀, mo mú ìrọ̀rí mi, mo sì wọ mọ́tò lọ sí abúlé. Ẹ̀gbọ́n mi Àjàyí jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pa ẹ̀gúsí.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n."

"Okun. Ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú. Ìjàkadì ni mo wá wò."

"Ìjàkadì ta ni?"

"Tiyín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní ogbó ti ń dà mí lórí rú. Mo sọ ti Jọkẹ́ fún un, gbogbo rẹ̀, títí dé orúnkún tó kan ilẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Mo máa ń wò yíká agbo. Gbogbo àwọn tí mò ń bá jà, àwọn èèyàn wọn kan máa ń wà níbẹ̀. Èmi, ẹ̀yin tèmi kò sí."

Mo ní, "Ẹ dìde. Ẹ fi bí ẹ ṣe máa ń dúró hàn mí."

Ó wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé ìyá wa lè yọ láti ibẹ̀. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti igi, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ya ẹsẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá ẹnìkan mú. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọjọ́ ogbó ló fà á, n kò sì gbé ojú kúrò.

"Ṣé o ti rí i?" ó bi mí.

Mo tẹ́ ìrọ̀rí mi sílẹ̀, mo jókòó dáadáa, mo ní kó tún un ṣe.